Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Ìwakọ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Awakọ̀ àti Oníkẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ìwakọ̀ tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo kí yín o. Mo kí yín kú iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ kékeré kọ́ ni kí ènìyàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò tíì mọ ọkọ̀ wà, kí ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èmi tí mo kọ lẹ́tà yìí jẹ́ awakọ̀, mo sì tún jẹ́ oníkẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni mò ń sọ, kì í ṣe alùpùpù. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń bínú sí oníkẹ̀kẹ́ láàárọ̀, tí awakọ̀ á sì bínú sí èmi náà nírọ̀lẹ́, ní ojú títì kan náà. Ohun tí ojú mi ti rí láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló mú mi kọ̀wé sí yín dípò kí n kọ ọ́ sí ìjọba tàbí sí ọlọ́pàá, nítorí mo gbà pé inú ọkọ̀ yín, láàárín ìgbà díẹ̀ tí ènìyàn fi ń kọ́ ìwakọ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú ìjà tó wà láàárín awakọ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èmi ń kọ́ ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni olùkọ́ mi dárúkọ kẹ̀kẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níwájú wa, mo sì dẹ eré, mò ń wò ó. Olùkọ́ mi ní, “Fọn fèrè fún un, yóò yà.” Mo fọn fèrè. Bàbá náà ta gìrì, ó bojú wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì yà wá sí ọ̀dọ̀ wa dípò kó yà kúrò. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Olùkọ́ mi pòṣé, ó ní, “Ṣé o rí i? Wọn ò mọ̀ ọ́n gùn.” Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí èmi náà ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́, kí n tó mọ̀ pé bàbá náà mọ̀ ọ́n gùn dáadáa, àti pé fèrè mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Kẹ̀kẹ́ kì í dá dúró fúnra rẹ̀. Ara ẹni tó gùn ún ló gbé e ró, bí ẹni náà bá sì yí orí padà lójijì, èjìká á tẹ̀lé orí, ọwọ́ á tẹ̀lé èjìká, táyà iwájú á sì tẹ̀lé ọwọ́. Ẹni tó jókòó sínú ohun tó ní táyà mẹ́rin, tó ti ilẹ̀kùn pa, tó sì gbé gíláàsì sókè, kò lè mọ èyí bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un.

Àìmọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo bá wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí awakọ̀ ń pè ní àfojúdi oníkẹ̀kẹ́, ohun tí oníkẹ̀kẹ́ ń ṣe kó má baà kú ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù lọ, èyí tí èmi náà ti sọ nínú ọkọ̀ rí: “Kí ló dé tí kò fi lọ sí etí títì pátápátá, kó jẹ́ kí á kọjá?” Etí títì tí a ń rí láti inú ọkọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí oníkẹ̀kẹ́ ń rí. Lójú awakọ̀, ó mọ́, ó tẹ́jú, ó sì ṣófo. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí táyà ọkọ̀ ń gbá kúrò láàárín títì ń kó jọ sí: àfọ́kù ìgò, ìṣó, iyanrìn, òkúta wẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni omi òjò ń dá rogún sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ bí kòtò abẹ́ rẹ̀ ti jìn tó. Ibẹ̀ ni irin tí wọ́n fi bo ojú gọ́tà wà, tí àlàfo inú rẹ̀ sì lè gbé táyà tínrín mì. Ibẹ̀ náà ni ẹlẹ́sẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ sí láìwo ẹ̀yìn. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ etí títì kò lè lọ tààrà. Yóò máa yà fún kòtò, yóò máa yà fún ìgò, gbogbo ìgbà tó bá sì yà báyìí ló ń já lu ọ̀nà ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn láìròtẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí oníkẹ̀kẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe fi máa ń kúrò létí díẹ̀, kó lè máa lọ lójú ìlà kan tí awakọ̀ ẹ̀yìn lè fọkàn tán.

Ìdí kejì ṣòroó ṣàlàyé fún ẹni tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí. Bí mo bá wà létí pátápátá, awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rò pé àyè wà. Kò ní yí sítíárìn rárá, kò ní dẹ eré, á kàn fún ara rẹ̀ gba àárín èmi àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì. Bí mo bá bọ́ síta díẹ̀, ó di dandan kó pinnu: ṣé yóò ní sùúrù lẹ́yìn mi ni, àbí yóò dúró de ìgbà tí ọ̀nà kejì bá ṣófo kó tó yà síbẹ̀ kó kọjá? Ìpinnu yẹn ni mò ń tọrọ. N kò fẹ́ gba títì mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní méjì-méjì, tí ó máa ń bí awakọ̀ nínú púpọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ mẹ́wàá tó tò ní méjì-méjì kò gùn ju ìdajì àwọn mẹ́wàá tó tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, nítorí náà ìgbà tí awakọ̀ yóò lò ní ọ̀nà òdìkejì láti kọjá wọn á kúrú. N kò sọ pé kí wọ́n máa ṣe é níbi gbogbo. Ní títì tóóró tí ọkọ̀ ti tò lẹ́yìn wọn, ìwà ọmọlúàbí ni kí wọ́n tò síwájú-sẹ́yìn tàbí kí wọ́n yà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ní ti àyè tó yẹ kí awakọ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó bá ń kọjá, ó ti wà nínú òfin àti ìlànà àwọn orílẹ̀-èdè kan. Jámánì kọ ọ́ sínú òfin ìrìnnà rẹ̀ ní 2020 pé mítà 1.5 ni nínú ìlú, mítà 2 sì ni ní ìta ìlú. Ilẹ̀ Faransé ní mítà 1 nínú ìlú, mítà 1.5 níta. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tún ṣe ní 2022 ní ó kéré tán mítà 1.5 fún ọkọ̀ tí eré rẹ̀ kò ju máìlì 30 ní wákàtí kan lọ, kí àyè náà sì máa fẹ̀ sí i bí eré bá ti ń pọ̀ sí i. Nọ́ńbà wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í gbé ìwọ̀n dání nínú ọkọ̀. Èyí ni mo máa ń sọ fún àwọn tí mo bá gbé sínú ọkọ̀ mi: bí oníkẹ̀kẹ́ yẹn bá ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa nísinsin yìí, níbo ni orí rẹ̀ yóò balẹ̀ sí? Ibi tó jìnnà sí táyà rẹ̀ tó ìwọ̀n gíga ara rẹ̀ ni. Ẹ máa ya àwòrán ẹni tó dùbúlẹ̀ yẹn sọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́ yín, kí ẹ sì ní kó má ṣe gbé táyà kọjá níbẹ̀. Mo lérò pé kò ní gbàgbé é bó ṣe máa gbàgbé mítà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ eré kún un. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bíi mítà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹni tó bá wo fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá méjì ti rin mítà 28 láìríran. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tí ọkọ̀ fi ń kọlu nǹkan kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Nínú ọkọ̀, bẹ́líìtì wà, àpò afẹ́fẹ́ wà, irin yí ènìyàn ká. Lórí kẹ̀kẹ́, akoto nìkan ló wà, bí ó bá tilẹ̀ wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ló kú nínú ìjàǹbá ojú títì ní 2021, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti àwọn tó ń gun alùpùpù.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló wá ká mi lára jù, bóyá nítorí pé àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ mi. Ọkọ̀ kan dúró sí etí títì, wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, iná kankan kò tàn lára rẹ̀. Mo ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbàgà. Kò sí àyè bíréèkì, kò sí àyè àtiyà. Obìnrin tó jáde kúrò níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ, ó sì ń tún un sọ pé, “Mi ò rí yín, mi ò rí yín rárá.” Òótọ́ ló sọ. Kò rí mi nítorí pé kò wò. Kò wò nítorí pé kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé ìwakọ̀ kò tíì parí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Àdéhùn lórí ìrìnnà ojú títì tí wọ́n ṣe ní ìlú Vienna ní 1968 ti kà á léèwọ̀, ní abala 24, pé kí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ láìkọ́kọ́ rí i dájú pé kò ní wu ẹlòmíràn léwu. Ọ̀nà kan sì wà tó rọrùn, tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, tí wọ́n ti fi orúkọ àwọn ará Netherlands pè, tí ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2022 sì ti gbà wọlé: kí ènìyàn fi ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ṣí i. Ẹ dán an wò níbi tí ẹ jókòó sí. Bí ọwọ́ ọ̀hún bá ti ń na, èjìká á yí, ojú á sì bá ara rẹ̀ lórí dígí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ọkọ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn rántí pé ó yẹ kí òun wò ó. Bí ẹ bá mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣe èyí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti jáde kúrò nínú ọkọ̀, yóò ti di àṣà rẹ̀ kó tó gba ìwé àṣẹ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín á ti máa sọ pé, “Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ńkọ́?” Ó yẹ kí ẹ bi mí. Mo ti wakọ̀ lálẹ́ rí tí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú, tí kò ní iná níwájú, tí kò ní iná lẹ́yìn, yọ sí mi láti inú òkùnkùn, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà tí èmi ń bá bọ̀ ni òun náà ń gbà bọ̀ wá pàdé mi. Mo yà, a kò fara kan ara wa, ṣùgbọ́n mo dúró sí iwájú díẹ̀ títí àyà mi fi rọlẹ̀. Kò sí àlàyé tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún mi tí n ó fi gbà pé ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe dára. Àwọn tó ń ré iná pupa kọjá náà, àti àwọn tó di etí méjèèjì pa pẹ̀lú orin, ń kó ara wọn àti àwa yòókù sí wàhálà. Èyí tó burú jù ni ti ọkọ̀ àjàgbé. Bí ọkọ̀ gígùn bá fẹ́ yà ní ìkóríta, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀lé ipasẹ̀ ti iwájú. Ńṣe ló máa ń gé igun náà kúrú, oníkẹ̀kẹ́ tó bá sì ti yọ́ wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí iná pupa ti dá ọkọ̀ dúró lè wà ní ibi tí awakọ̀ kò ti lè rí i nínú dígí kankan. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ pé bí wọn kò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí rẹ̀, òun náà kò rí wọn. Ẹ̀yin lè kọ́ awakọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yìí tọ́ sí àwa tí a wà lórí kẹ̀kẹ́, a kò sì gbọdọ̀ dúró de ẹlòmíràn kó gbà wá là.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ohun kan. Bí awakọ̀ kan bá mutí yó tó sì kọlu ògiri, ẹnikẹ́ni kì í sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé, “Ẹ̀yin awakọ̀ yìí!” Àmọ́ bí oníkẹ̀kẹ́ kan bá ré iná pupa kọjá ní àná, èmi tí mo dúró síbi iná lónìí ni wọn yóò bú fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ awakọ̀ jẹ́ ti ẹni tó dá a. Ẹ̀ṣẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ di gbèsè gbogbo wa. Mo rò pé gíláàsì ló fà á. Bí ènìyàn méjì bá kọlu ara wọn ní ẹnu ọ̀nà, àwọn méjèèjì á bẹ ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ojú rí ojú. Nínú ọkọ̀, ẹnu wa kò dé ìta, fèrè nìkan ló kù, fèrè kò sì mọ “ẹ jọ̀ọ́” yàtọ̀ sí “kúrò níbẹ̀”. Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ kí ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín láti máa gbé ọwọ́ sókè dúpẹ́. Nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ bá yà sílẹ̀ fún mi, mo máa ń gbé ọwọ́. Nígbà tí mo bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tí awakọ̀ bá dúró dè mí, mo máa ń mi orí, nítorí pé ọwọ́ ṣòroó yọ. Ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo ti rí awakọ̀ tí ojú rẹ̀ le koko tó rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀.

Kí ló sì ń bí wa nínú tó bẹ́ẹ̀? Àkókò ni, a sì máa ń ṣì í kà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mo tẹ̀lé oníkẹ̀kẹ́ tó ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan fún igba mítà kí n tó rí àyè kọjá. Ìṣẹ́jú àáyá 36 ni yóò gbà mí. Bí mo bá ń sá 50, nǹkan bíi 14 ni ì bá gbà mí. Ohun tí mo pàdánù kò ju ìṣẹ́jú àáyá 22 lọ, mo sì sábà máa ń rí i pé oníkẹ̀kẹ́ náà á tún wá bá mi níbi iná pupa tó tẹ̀lé e.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ ni wọ́n ṣe títì fún, pé àlejò ni kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé ní 1817 ni Karl Drais ti wa ẹ̀rọ onítáyà méjì rẹ̀ jáde ní Mannheim ní ilẹ̀ Jámánì, nígbà tó jẹ́ pé 1886 ni Carl Benz tó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá fún ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀. Táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí náà, kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ni John Boyd Dunlop ṣe é fún kó tó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1888. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1880 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo pé kí ìjọba tún títì ṣe. N kò sọ èyí kí á lè máa du ipò àgbà lórí títì. Wọ́n máa ń ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra, ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò fojú kan títì tóóró tí ọkọ̀ àjàgbé, bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ jọ ń dù. Títì kò tó, gbogbo wa ni yóò sì máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ẹ tó fi sítíárìn lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan ní ojú títì gan-an tí yóò ti máa kọ́ ọkọ̀, kí ẹ yan àkókò tí ọkọ̀ kò pọ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní Netherlands, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe ìdánwò ìrìnnà tí gígun kẹ̀kẹ́ ní ojú títì wà lára rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ awakọ̀ ibẹ̀ ti jẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tipẹ́ kí wọ́n tó di awakọ̀. Ní London, àwọn ọlọ́pàá ti ṣe ètò kan rí níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn oníkẹ̀kẹ́ wá jókòó sí àyè awakọ̀ ọkọ̀ àjàgbé, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ibi tí dígí kò dé. Ìdàkejì rẹ̀ ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á láti gun kẹ̀kẹ́, tàbí tí kò gùn ún rí, kò burú: ẹ lè mú un jókòó sí ibi tó láàbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ jọ máa wo bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá lára àwọn oníkẹ̀kẹ́, kí ó sì máa sọ fún yín èyí tó fún wọn láyè àti èyí tí kò fún wọn.

Bí ẹ bá gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan péré, mo bẹ̀ yín, kó tó bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tí ara rẹ̀ ṣe nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ wá gbé e wọ inú ọkọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹnìkan tó ń wakọ̀, tó sì ń gun kẹ̀kẹ́